Ẹ Bi Àǹtí: Ẹ̀yin Tẹ́ ẹ Ń Palẹ̀mọ́ Lọ Salvador, Ó Yá

Láti oṣù tó kọjá tí mo ti fẹnu ba Salvador lójú ewé yìí, ìlú etíkun Brazil tí wọ́n ń pè ní Salvador da Bahia yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi mọ́. Ìjẹ̀bú ń béèrè, Rẹ́mọ náà ń béèrè, ẹlòmíì fẹ́ lọ gbafẹ́, ẹlòmíì fẹ́ lọ wo òrìṣà, ẹnì kan tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè rí obì tà níbẹ̀. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán, mo kàn ṣa díẹ̀ ni, mo sì gé àwọn tó gùn jù kúrú, ẹ má bínú.

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa fẹ́ rìnrìn-àjò lọ Brazil lẹ́yìn Ojúde Ọba tó ń bọ̀. Àwọn kan ní Rio la máa lọ, àwọn kan ní Salvador, ó ti ń di ìjà. Èwo lẹ fara mọ́, kí la sì máa rí níbẹ̀? Ṣé ká dá aṣọ?
*Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jà. Rio dáa, kò sẹ́ni tó máa ní kò dáa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ fẹ́ dé Brazil, tẹ́ ẹ sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, Salvador ni. 1549 ni Tomé de Sousa tẹ ìlú yẹn dó fún ọba Potogí, òun sì ni olú-ìlú Brazil títí di 1763 kí wọ́n tó gbé e lọ Rio. Èbúté ló sọ ọ́ di ńlá, ṣúgà ń jáde, àwọn èèyàn wa ń wọlé nínú ṣẹkẹṣẹkẹ̀. Lónìí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀, aláwọ̀ dúdú àtàwọn tí ẹ̀jẹ̀ wa ń ṣàn nínú wọn ló sì pọ̀ jù, débi pé tẹ́ ẹ bá dúró ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù láìlanu, wọ́n á máa bi yín lọ́nà ni. Ìgbà tẹ́ ẹ bá lanu ni wàhálà dé, torí Potogí ni wọ́n ń sọ, òyìnbó tẹ́ ẹ gbọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbẹ̀, ẹ yáa gbé ohun tó ń túmọ̀ èdè sórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ìlú náà pín sí méjì, ìlú òkè àti ìlú ìsàlẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gogoro ló là á láàárín. Èbúté, báǹkì àti ọjà wà nísàlẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ àti ilé aláràbarà wà lókè. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni Elevador Lacerda, lífítì gbangba tó ti ń gbé èèyàn láti 1873, gíga ẹ̀ jẹ́ mítà 72. Kì í ṣe tàwọn àlejò nìkan o, ará ìlú ló ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ìṣẹ́jú kan ò sì ní pé tẹ́ ẹ fi máa dókè. Tẹ́ ẹ bá jáde lókè níbẹ̀, ẹ má sáré kọjá, ẹ dúró kẹ́ ẹ wo omi, Baía de Todos os Santos ló tẹ́ rẹrẹ yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, ọkọ̀ apẹja, erékùṣù Itaparica lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo bí ìlú yẹn ṣe tò lẹ ti rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìsàlẹ̀ níbi tí lífítì ń já sí, Mercado Modelo ló kọjú sí yín, ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù ni ilé yẹn tẹ́lẹ̀, 1861 ni wọ́n kọ́ ọ, 1971 ni ọjà kó wọ inú ẹ̀. Léèsì wà, ìlẹ̀kẹ̀ wà, ère wà, ẹ sì lè dúnàá dúrà, mi ò ní kọ́ Ìjẹ̀bú nìyẹn.

Ibi tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ ni Pelourinho, lókè náà ni, UNESCO gbà á sínú ogún àgbáyé ní 1985. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì ẹ̀, ó sì dagun, nítorí náà ẹni tó bá wọ bàtà gogoro lọ, ojú ẹ̀ á rí màbo. Ilé pupa, ilé búlúù, ilé aláwọ̀ ìyeyè, fèrèsé gíga pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà lórí wọn, ẹ máa rántí àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó ṣẹ́ kù nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde, torí àwọn àgùdà, ìyẹn àwọn èèyàn wa tó ti Brazil padà wá sí Lagos, ló gbé irú iṣẹ́ bíríkìlà yẹn bọ̀ kó tó tàn káàkiri ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ibi tí wọ́n ti ń so ẹrú mọ́ òpó tí wọ́n ń nà wọ́n lẹ́gba ní gbangba ni gbàgede yẹn. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí mo bá rí ẹni tó sáré débẹ̀, tó ya fọ́tò níbi tí Michael Jackson ti ṣe fídíò ní 1996, tó sì wọ bọ́ọ̀sì padà. Ẹ ya fọ́tò o, àwọn onílù Olodum tó bá a ṣe é ṣì ń lù ládùúgbò yẹn, ìlù wọn á mì yín láyà. Kẹ́ ẹ tó kúrò ṣá, ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù tó wà ní ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, Nossa Senhora do Rosário dos Pretos. Àwọn dúdú ló kọ́ ọ fúnra wọn, ẹrú àti olómìnira, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1704, ìgbà tí wọ́n bá ṣíwọ́ iṣẹ́ olówó wọn ni wọ́n ń wá kọ́ ti ara wọn, ó sì gbà wọ́n bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeè ni kẹ́ ẹ lọ, ìlù ni wọ́n fi ń ṣe máàsì ọjọ́ yẹn.

Ti aṣọ, ẹ dá a, ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ òfì. Kí ẹnikẹ́ni tó máa ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa, aṣọ Ìjẹ̀bú ti dé Brazil. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó jẹ́ ará England, John Adams lorúkọ ẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1823 pé àwọn Potogí ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú lọ tà ní Brazil, torí àwọn èèyàn dúdú ibẹ̀ gbé e gẹ̀gẹ̀. Pano da costa ni wọ́n ń pe aṣọ tó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ nígbà yẹn, àwọn ìyá Bahia, ìyẹn àwọn obìnrin dúdú ìpínlẹ̀ ibẹ̀ tó ń múra bíi ti àtijọ́, ṣì ń fi irú ẹ̀ lé èjìká dòní. Àwọn obìnrin kan wà ní Pelourinho tí wọ́n múra bí ìyá Bahia, tẹ́ ẹ bá bá wọn ya fọ́tò ẹ máa sanwó. Tẹ́yin náà bá fi òfì lé èjìká yọ sí wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ló máa sanwó fún yín.

Àǹtí, ìyá mi ń ta àkàrà ní Ṣágámù láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Wọ́n ní àkàrà ti Salvador máa ń ní ọbẹ̀ nínú. Màámi ní irọ́ ni.
*Ọmọ alákàrà, Ṣágámù*

Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé kì í ṣe irọ́. Acarajé ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹ̀wà olójú dúdú yìí náà ni, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á ti àlùbọ́sà bọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi ṣíbí igi pò ó títí táá fi hó. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, òórùn epo yẹn ló máa mú ẹ débẹ̀ kó o tó rí ìyá náà rárá. Ó jókòó sẹ́yìn àtẹ ẹ̀, ó wọ léèsì funfun, yẹ̀rì ẹ̀ fẹ̀, ó wé gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀. Àkàrà ọ̀hún tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Ó yọ ọ́ nínú epo, ó jẹ́ kó ro díẹ̀, ó fi ọ̀bẹ là á láìjẹ́ kó já, ó wá wojú ẹ, ó béèrè bóyá o fẹ́ ata. Ata gidi ni o, kì í ṣe tàfojúrí. Lẹ́yìn náà ó bu vatapá sí i, ìyẹn lohun tó kì tí wọ́n fi búrẹ́dì, ẹ̀pà, kajú, edé, omi àgbọn àti epo pupa rò pọ̀, ó bu caruru lé e, ilá ni, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, ó fi tòmátì àti àlùbọ́sà tútù sí i, ó wá to edé gbígbẹ sórí ẹ̀ títí àkàrà ò fi ní lè panu dé mọ́. Ọwọ́ méjì ni wàá fi gbá a mú, bí o bá wọ aṣọ funfun, epo á kàn ẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, abará wà, ẹ̀wà lílọ̀ yẹn náà ni wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sè, mọ́ínmọ́ín elépo nìyẹn, òun lèmi fẹ́ràn jù.

Sọ eléyìí fún Màmá náà: láti 2005 ni ìjọba Brazil ti kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà yẹn sílẹ̀ bí ogún orílẹ̀-èdè. Nígbà tí Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù 2014 ń bọ̀, tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n tà ní sítédíọ́ọ̀mù Fonte Nova, àwọn ìyá yẹn ò gbà, wọ́n pariwo títí wọ́n fi jẹ́ kí wọ́n wọlé. Tó o bá délẹ̀ ọ̀hún, má jẹun alẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì jàre, lọ sí àdúgbò Rio Vermelho ní Salvador níbẹ̀, ibẹ̀ làwọn ará ìlú ti máa ń jókòó jẹ acarajé lálẹ́, wàá rí àga, wàá rí bíà, wàá rí èèyàn.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Yorùbá ni mò ń kà ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo fẹ́ lọ wo àwọn ilé òrìṣà tó wà ní Salvador, kí n ṣe fídíò wọn, kí n sì bá wọn tún àwọn orin wọn ṣe torí èyí tí mo gbọ́, Yorùbá inú ẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè*

Àbúrò mi, wọ́n á jẹ́ kó o wọlé. Fídíò, rárá. Àtúnṣe orin, rárá o, má dán an wò.

Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ. Àwọn tó gbé orin yẹn débẹ̀, inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n bá dé, wọn ò mú ìwé kankan dání. Àwọn ọmọ wọn ń kọ orin náà, ọlọ́pàá ń kó wọn, wọ́n ń gba ìlù wọn, kódà títí di 1976, ilé òrìṣà tó bá fẹ́ ṣọdún ní Bahia gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Orin tó o ní ó bàjẹ́ yẹn, ẹnu lásán ni wọ́n fi gbé e la gbogbo ìyẹn já. Ìwọ ń kọ́, ṣé o lè ki oríkì orílẹ̀ yín dé ìlà kẹwàá láìwo fóònù? Ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi tiwa sílẹ̀ fúnra wa láìsí ọlọ́pàá kankan lẹ́yìn wa. Nítorí náà bó o bá débẹ̀, jókòó kó o gbọ́. Bí wọ́n bá bi ẹ́ léèrè, dáhùn. Wọ́n á bi ẹ́, torí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ bí a ṣe ń pe nǹkan nílé.

Èyí tó lórúkọ jù nínú àwọn ilé náà ni Casa Branca, tí wọ́n ń pè ní Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọkà, òun ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba Brazil gbà sínú ogún orílẹ̀-èdè, 1984 nìyẹn. Gantois wà, ibi tí Mãe Menininha ti jẹ ìyálórìṣà títí ó fi kú ní 1986, obìnrin tí gbajúmọ̀ olórin àtolóṣèlú ń kúnlẹ̀ fún. Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá náà wà, Mãe Aninha ló dá a sílẹ̀ ní 1910, ọgbà ńlá ni, ilé-ìwé àwọn ọmọdé wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní nǹkan Yorùbá, músíọ́ọ̀mù tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n sọ ní Ilé Ohun Láéláé. Ohun kan kó o tó lọ, má tẹ̀ lé àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì "ijó òrìṣà" fún àlejò, ilé òrìṣà kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ ọdún tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn ni kó o lọ, béèrè ọjọ́ náà ṣáájú. Wọ aṣọ funfun tàbí èyí tó mọ́ lójú, má wọ dúdú, má wọ ṣòkòtò péńpé. Ọkùnrin níbì kan, obìnrin níbì kan lọ̀pọ̀ wọn máa ń jókòó sí, pa fóònù ẹ, kó o sì mọ̀ pé ó lè di òru kí wọ́n tó parí.

Bí kò bá sí ọdún lọ́sẹ̀ tó o dé, lọ sí Dique do Tororó, adágún omi ni láàárín ìlú, ère òrìṣà mẹ́jọ dúró ní òbìrípo lójú omi, Tatti Moreno ló ṣe wọ́n ní 1998. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, àwọn èèyàn á máa sáré ìdárayá yí omi ká, Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja á máa wò wọ́n. Músíọ́ọ̀mù kan náà wà ní gbàgede Terreiro de Jesus, nínú ilé ìwé ìṣègùn àtijọ́, kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ṣí lọ́jọ́ yẹn, pátákó igi 27 tí gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà kan, Carybé, gbẹ́ àwọn òrìṣà sí wà níbẹ̀, ìyẹn nìkan tó èèyàn dúró wò fún wákàtí kan. Fọ́tò tó o fẹ́ yà, yà á níbẹ̀ tó o bá gba àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ òrìṣà àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan lẹ ń sọ. Àwa Mùsùlùmí ń kọ́, Àǹtí?
*Alhaji kan, Ìjẹ̀bú-Òde*

Alhaji, ẹ̀yin gan-an lẹ ni ìtàn tó gbóná jù níbẹ̀. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú 25 oṣù January 1835, inú Ramadan, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ Haúsá dìde ogun sáwọn olówó wọn ní Salvador. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, ìmàle tiwa yẹn náà. Nǹkan bí 600 ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ aṣọ funfun, wọ́n so tírà mọ́ra. Àwọn kan tú àṣírí wọn kó tó di àsìkò tí wọ́n fi àdéhùn sí, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ladeira da Praça lókè, wọ́n jà wá sísàlẹ̀, ibi tí wọ́n ń pè ní Água de Meninos lọ́nà èbúté ni àwọn ológun ẹlẹ́ṣin ti ṣẹ́gun wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní ẹgba ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, ẹ̀rù ìjìyà tó tẹ̀ lé e sì mú kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ra ara wọn padà kó ẹrù wọn wálé, àwọn wà lára àwọn tí ẹ̀ ń pè ní àgùdà ní Lagos.

Wọn ò kọ́ ilé ńlá kankan sójú ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ o, ẹ má retí ẹ̀. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín, láti Ladeira da Praça lẹ́bàá gbọ̀ngàn ìlú sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ mú ẹni tó mọ ìtàn dání. Mọ́sáláṣí wà ní àdúgbò Nazaré fún Jímọ̀. Ti oúnjẹ, ẹ ṣọ́ra fún feijoada, ẹ̀wà ni lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ kún inú ẹ̀. Ẹja moqueca ni kẹ́ ẹ jẹ, epo pupa àti omi àgbọn ni wọ́n fi ń sè é.

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Díákónì ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo fẹ́ kó dání, etí òkun àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo fẹ́.
*Ìyá ọmọ, Ìpẹru*

Màmá, etí òkun Porto da Barra ni kẹ́ ẹ kó wọn lọ. Omi ibẹ̀ rọlẹ̀, torí ó kọjú sínú ìyawọ̀ omi, kò kọjú sí agbami, ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ẹ máa rí oòrùn tó ń wọ̀ sínú omi níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn kì í wọ omi ní ọ̀pọ̀ etíkun Brazil. Tí oòrùn bá wọ̀ tán, ẹ máa gbọ́ tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ẹ rin díẹ̀ sí i, ẹ ti dé Farol da Barra, iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà tó wà lórí odi àwọn Potogí, músíọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi wà nínú ẹ̀, àwọn ọmọ á fẹ́ràn ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, ibẹ̀ máa ń kún bí ọjà Òkè-Ajé, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì, São Francisco ni wọ́n máa júwe fún yín, wúrà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ igi gbígbẹ́ inú ẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Àjà yẹn já lulẹ̀ lápá kan ní February 2025, ó pa obìnrin arìnrìn-àjò kan, wọ́n sì tì í, ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó fi sínú ètò yín. Bonfim ni tèmi. Orí òkè kékeré ló wà ní ìlú ìsàlẹ̀, rìbọ́n aláràbarà bo irin gbogbo iwájú ẹ̀, èèyàn á so ó, á ta kókó mẹ́ta, á bẹ̀bẹ̀ ohun mẹ́ta. Ẹnì kan á sáré wá so ó mọ́ yín lọ́wọ́, á ní ẹ̀bùn ni, kò ní pẹ́ tí ẹ̀bùn á fi di owó, ẹ yáa ká ọwọ́ kò. Ní oṣù January, ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ogunlọ́gọ̀ èèyàn á wọ funfun, wọ́n á rin nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ láti ṣọ́ọ̀ṣì Conceição da Praia débẹ̀, àwọn ìyá Bahia á fi omi olóòórùn dídùn fọ àtẹ̀gùn ẹ̀. Àwọn kan ń fọ̀ ọ́ fún Jésù, àwọn kan ń fọ̀ ọ́ fún Ọbàtálá, àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni. Tíyẹn ò bá bá yín lára mu, ẹ lọ lọ́jọ́ mìíì.

Fíṣà ńkọ́? Owó ńkọ́? Wọ́n ní olè pọ̀ níbẹ̀.
*Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́*

Fíṣà pọndandan fún pàsípọ́ọ̀tù wa, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láìfi falẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú yẹ́lò káàdì dání. Ọ̀pọ̀ ń gba Addis Ababa dé São Paulo, wọ́n á wá wọ bàálù abẹ́lé lọ Salvador. Bàálù kan wà láti Lisbon tó ń balẹ̀ ní Salvador tààrà, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà tó bá gba Yúróòpù kọjá lè nílò fíṣà ìrékọjá, kódà tí kò bá jáde ní pápá ọkọ̀, àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í rántí sọ ìyẹn. Real ni owó wọn, dọ́là àti káàdì ni kẹ́ ẹ mú lọ, náírà ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Reluwé ìlú wọn dé ìtòsí pápá ọkọ̀, ó dín owó kù gan-an tí ẹrù yín ò bá pọ̀.

Olè wà, bó ṣe wà ní gbogbo ìlú ńlá. Wúrà ọrùn, ẹ fi sílẹ̀ nílé, mo mọ̀ pé ó máa dùn yín. Àwọn àdúgbò gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó so ìlú òkè mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ má fẹsẹ̀ rìn ín lálẹ́, ẹ wọ lífítì tàbí táàsì. Ìlú ìsàlẹ̀ máa ń dá páropáro ní ọjọ́ Sọ́ńdè, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí kò ní dúró dé Mọ́ńdè.

Ṣé kí n dúró dé Carnival ni?
*Ọmọ Òde Rẹ́mọ, WhatsApp*

Tó bá jẹ́ ijó lo fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. February tàbí March ló máa ń bọ́ sí, ọkọ̀ ńlá tó gbé ẹ̀rọ orin rù á máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, èèyàn á kún títì láti Barra dé Ondina débi pé ẹsẹ̀ ẹ ò ní kan ilẹ̀. Wá Filhos de Gandhy lọ, àwọn alágbàṣe èbúté ló dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1949, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin nínú láwàní funfun, ìlù ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń lù. Wá Ilê Aiyê náà, láti 1974 ni wọ́n ti wà, àdúgbò Curuzu ni wọ́n ti ń gbéra. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìlú gan-an lo fẹ́ rí, má lọ nígbà yẹn, hòtẹ́ẹ̀lì á wọ́n, músíọ́ọ̀mù á tì. September sí November ló dáa, òjò tó máa ń pọ̀ láti April dé July ti lọ, èrò ò sì tíì dé. Ẹni tó bá fẹ́ ọdún kan ṣoṣo, kó lọ ní ọjọ́ kejì February, Rio Vermelho, àwọn apẹja á gbé òdòdó, lọ́fínńdà, díńgí àti òòyà lọ sójú òkun fún Yemọja, láti ìdájí lèrò ti máa ń tò.

Sábó ní Ṣágámù ni mo ti ń ta obì. Wọ́n ní wọ́n ń ra obì àti orógbó wa níbẹ̀. Ṣé kí n di díẹ̀ sínú báàgì?
*Oníṣòwò obì, Ṣágámù*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dì í o. Brazil ò fẹ́ kéèyàn kó èso àti nǹkan ọ̀gbìn wọlé láìsí ìwé àṣẹ, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápá ọkọ̀, ìyẹn tí ò bá la owó ìtanràn lọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ọjà náà ná. Feira de São Joaquim lorúkọ ẹ̀, etí omi ló wà ní ìlú ìsàlẹ̀, ó wá rọ́pò ọjà Água de Meninos tó jóná ní 1964, ibi tí mo sọ fún Alhaji lókè yẹn náà. Kì í ṣe ọjà táwọn àlejò máa ń ya fọ́tò sí bíi Mercado Modelo, ọjà gidi ni, ilẹ̀ ẹ̀ tutù, ọ̀nà ẹ̀ há, epo pupa nínú ìgò, edé nínú apẹ̀rẹ̀, ewé, ìkòkò amọ̀, adìẹ ààyè, àwọn tó ń ra nǹkan ìbọ sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀ kùtù. Ẹ bi wọ́n pé kí wọ́n fi obi àti orobô hàn yín, bí wọ́n ṣe ń pè é náà nìyẹn, wọ́n á yọ ọ́ jáde láti inú ike kékeré, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà á. Lẹ́yìn ọjà, ẹ bọ́ sí èbúté tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò lọ Itaparica wà níbẹ̀, nǹkan bíi wákàtí kan ni. Àwọn eléégún wà ní Ponta de Areia lọ́hùn-ún, ìdílé wọn ti ń bọ Egúngún tipẹ́.

Ẹ kàn bá mi béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹyọ obì kan, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn oníbàárà yín ní Sábó ò ní gbàgbọ́.